Ẹni Tó Dé Gbogbo Yàrá: Àlàyé fún Ẹbí Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn Tí Àìsàn Rẹ̀ Ju Ẹyọ Kan Lọ

Ìyá tó ti lé ní ẹni ọdún 65, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tí rọpárọsẹ̀ tún wá mú ní apá ọ̀tún, kì í ní dókítà kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ọjọ́ Ajé ni kílíníìkì ṣúgà, Ọjọ́rú ni ti ọpọlọ, ti ojú di oṣù tó ń bọ̀, fisiotẹ́rápì sì ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí Iléṣà ni wọ́n ń gbé, apá kan ìtọ́jú lè wà ní Wesley Guild, kí wọ́n sì tún ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Abẹ́ ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kan náà ni méjèèjì wà lóòótọ́, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọkàn sí i pé ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì níbí á ti dé ọ̀hún kí aláìsàn tó dé ibẹ̀.

Dókítà kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jókòó nínú gbogbo yàrá wọ̀nyẹn. Aláìsàn fúnra rẹ̀, àti ọmọ tàbí ìyàwó tàbí àbúrò tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn nìkan ló dé gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí rò pé iṣẹ́ tiwọn kò ju kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n sì gbàdúrà. Gbogbo ìyẹn ló dára. Iṣẹ́ kan wà síbẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè bá wọn ṣe: kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ láti yàrá kan dé èkejì láìjẹ́ kó já bọ́ lọ́nà. Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ yẹn la fẹ́ ṣàlàyé.

Kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọdé tó wà ní Wesley Guild ní Iléṣà, ṣètò kílíníìkì kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Káàdì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ bí ọmọ ṣe tẹ̀wọ̀n tó sílẹ̀, tí ìlà rẹ̀ á máa gòkè bí ọmọ bá ń dàgbà dáadáa, tí á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí nǹkan bá ń ṣe é. Káàdì náà kì í sùn ní ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ló ń gbé e lọ sílé nínú ọ̀rá, òun náà ló sì ń gbé e padà wá. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé báyìí, ẹbí kan náà sì ni òun àti káàdì àjẹsára tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá lónìí. Ohun tí àwọn ìyá Ìmẹ̀sí ṣe fún ọmọ wọn nígbà yẹn ni a ní kí ọmọ ṣe fún ìyá rẹ̀ nísinsìnyí: kí ìwé ìtọ́jú wà nílé, kó sì máa bá aláìsàn lọ gbogbo ibi tó bá ń lọ.

Ọ̀rá oògùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ẹ sì da gbogbo oògùn inú ilé sí i: ti inú ọ̀rá, ti abẹ́ ìrọ̀rí, ti inú báàgì ìlọ́jà, àgbo inú ìgò, èyí tí àbúrò fi ránṣẹ́ láti Èkó, àti èyí tí aládùúgbò ní ó ṣiṣẹ́ fún òun. Ohun tí a sábà máa ń rí nìyí.

Páálí kan wà, amlodipine 10 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ilé ìwòsàn kọ. Páálí kejì wà, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú rẹ̀ yàtọ̀. Kẹ́míìsì ló tà á fún wọn lọ́jọ́ tí wọn ò rí ti àkọ́kọ́ rà. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo lẹ́tà kéékèèké abẹ́ orúkọ gàdàgbà yẹn. Amlodipine 10 mg ló wà níbẹ̀. Oògùn kan náà ni! Màmá ti ń lo 20 mg lóòjọ́, ẹsẹ̀ wọn wú, òòyì ń kọ́ wọn, ẹnì kan sì ti fún wọn ní oògùn ìtọ̀ pé kó fa omi ẹsẹ̀ wọn. Orúkọ gàdàgbà jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn. Lẹ́tà kéékèèké ni orúkọ oògùn gan-an. Èyí kékeré yẹn ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀, òun náà ni kí ẹ máa pè fún kẹ́míìsì.

Káàdì diclofenac kan ló tún wà lábẹ́ rẹ̀, ó ku hóró mẹ́rin. Ti orúnkún ni, wọn kì í tilẹ̀ kà á mọ́ oògùn. Bẹ́ẹ̀, lisinopril wà lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, oògùn ìtọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lisinopril ń dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wọ inú asẹ́ kíndìnrín kù, oògùn ìtọ̀ ń fa omi ara gbẹ, diclofenac sì ń dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé kíndìnrín. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára àgbàlagbà tí kò mumi tó, kíndìnrín lè dákẹ́ iṣẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Diclofenac nìkan pàápàá máa ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gòkè. Bí orúnkún bá ń dun aláìsàn, ẹ sọ ọ́ ní kílíníìkì. Oògùn ìrora tí kì í kọlu kíndìnrín wà.

Èyí tó lè pa ènìyàn kíákíá ló kù: glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ti dá a dúró nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ínsúlìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá, Màmá sì ń lò ó lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Agbára oògùn yìí máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà, pàápàá tí kíndìnrín bá ti rẹ̀. Bó bá di òru, òógùn tútù á bò wọ́n, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn á dàrú, àwọn ará ilé á sì máa rò pé ọwọ́ ayé ni. Ṣúgà ló wálẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìyẹṣúgà, tó sì fi iye tí kò tó 70 mg/dL hàn, tí aláìsàn ṣì ń gbé nǹkan mì, ẹ po ṣíbí ìmutíì ṣúgà 3 sí 4 mọ́ omi kí wọ́n mu ún. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì tó 70, ẹ tún un fún wọn. Bó bá ti gòkè, ẹ fún wọn ní oúnjẹ gidi, torí ṣúgà inú omi kì í pẹ́ lára. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nílé, ẹ ṣe bákan náà. Ṣúgà díẹ̀ tí ènìyàn mu láìnídìí kò léwu tó ṣúgà tó wálẹ̀ tí wọn ò tọ́jú. Aláìsàn tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe oyin. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń lo glibenclamide, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá lẹ́yìn ṣúgà, kò yẹ kó padà lọ sùn láìjẹ́ pé dókítà rí i, nítorí ó tún lè wálẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ sí i.

Ní ti àgbo, ẹ má fi pamọ́. Òmíràn ń mú ṣúgà àti ìfúnpá wálẹ̀ lórí èyí tí oògùn ti mú wálẹ̀, òmíràn ń ba kíndìnrín jẹ́, èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ sì ní ìjàmbá tirẹ̀. Bí dókítà bá tilẹ̀ bínú, kó bínú. Ìdáhùn tó bá fún yín lẹ́yìn ìbínú yẹn á bá ohun tó wà lára aláìsàn mu.

Lẹ́yìn tí ẹ ti to oògùn, ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Lójú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ oògùn gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ ní mg, ìgbà tí wọ́n ń lò ó, ohun tó wà fún, dókítà kílíníìkì tó kọ ọ́, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lójú ewé kejì, ẹ kọ àwọn tí wọ́n ti dá dúró àti ìdí rẹ̀: “Glibenclamide, a dá a dúró torí ínsúlìn.” “Lisinopril, a dá a dúró torí ikọ́.” A gbà pé ojú ewé kejì yìí ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà tuntun lè wo oògùn tí ẹ ń lò kó sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè mọ ohun tó ti ṣe yín léṣe rí àfi kí ẹ sọ fún un. Oògùn tí wọ́n bá ti dá dúró, ọjọ́ yẹn náà ni kó kúrò nílé.

Ẹ wá wo àwọn àmì tó wà lórí ìwé oògùn, nítorí wọ́n ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn rú. “od” ni ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, “bd” ẹ̀ẹ̀mejì, “tds” ẹ̀ẹ̀mẹta, “qds” ẹ̀ẹ̀mẹrin. “Nocte” ni alẹ́. “Prn” ni ìgbà tó bá yẹ nìkan, kì í ṣe lójoojúmọ́. “Stat” ni lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn nọ́ńbà tó ní ìlà láàárín ló ń rú èèyàn lójú jù: 7 ìsàlẹ̀ dúró fún ọjọ́, 52 fún ọ̀sẹ̀, 12 fún oṣù. Nítorí náà, 5/7 ni ọjọ́ 5, 2/52 ni ọ̀sẹ̀ 2, 3/12 sì ni oṣù 3. Àwọn kan ti rí 2/12 tí wọ́n rò pé hóró 2 lẹ́ẹ̀mejìlá ni. FBS ni ṣúgà tí wọ́n ń yẹ̀ wò láìjẹun fún wákàtí 8 ó kéré tán. Omi lásán ò ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n tíì àti mínírà á bà á jẹ́. Bí ẹ bá rí NPO lókè ibùsùn, ohunkóhun kò gbọdọ̀ gba ẹnu wọlé, bó ti wù kí Màmá bẹ̀bẹ̀ tó.

Nínú yàrá dókítà, àsìkò kì í pọ̀, èrò sì wà níta. Ẹ ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ láti ilé, kí èyí tó ká yín lára jù ṣáájú. Bí dókítà bá parí ọ̀rọ̀, ẹ má kàn sọ pé “ó ti yé mi, sà.” Ẹ tún un sọ fún un. Báyìí ló máa ń lọ:

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ ní kí Màámi máa gba ínsúlìn yúnìtì 14 láàárọ̀, 8 lálẹ́, kí wọ́n tó jẹun.”

“Rárá o. 14 láàárọ̀, 6 lálẹ́. 8 ni ti tẹ́lẹ̀. Mo dín in kù nítorí ṣúgà tí ẹ ní ó ń wálẹ̀ lóru.”

“Ẹ ṣé, sà. 6 lálẹ́. Tí wọn ò bá wá jẹun alẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ má gún ti alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ yẹ ṣúgà wò kí wọ́n tó sùn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.”

Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ínsúlìn yúnìtì 2 tí kò bá kúrò níbẹ̀ ni ì bá gbé Màmá padà wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Kì í ṣe ìwà àfojúdi rárá. Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe é. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn yín. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 23, sọ pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí fún un, irú ìtọ́jú tó wà, èrè rẹ̀, ewu rẹ̀, àti iye tó máa ná an, ní èdè tó yé e, kó sì wo bí ó ti kàwé tó. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ló yé Màmá, Yorùbá ni kí wọ́n bá wọn sọ. Abala 20 òfin kan náà kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n lé aláìsàn pàjáwìrì padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìfúnpá àti ṣúgà tí ẹ bá wọ̀n nílé wúlò fún dókítà ju èyí tó wọ̀n lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ, bí ẹ bá ṣe é bó ti yẹ. Kí aláìsàn ti tọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá dúró lórí tábìlì níbi tí àyà wà, kó má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín, kí ẹ sì kọ méjèèjì. Apá tí rọpárọsẹ̀ kò mú ni kí ẹ máa lò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn wọlé tàbí tó ń jẹ obì lọ́wọ́, nọ́ńbà rẹ̀ á purọ́. Ínsúlìn tí ẹ ò tíì ṣí, inú fíríìjì ni, kì í ṣe ibi tó ń dì. Èyí tí ẹ ti ṣí á wà dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ 4 níbi tí ooru ò pọ̀ sí. Níbi tí iná kò bá ṣeé gbára lé, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá.

Ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò náà nílò ojú yín. Nílẹ̀ wa, ẹbí ló sábà ń gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù. Ẹ wò ó pé orúkọ àti nọ́ńbà káàdì wà lára rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ẹ má sì di í mọ́wọ́ nínú oòrùn fún wákàtí méjì nídìí ìsanwó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ nínú ìgò, tàbí tí ẹ bá ń mì í, ohun inú rẹ̀ á bẹ́, pòtásíọ̀mù á jáde, èsì á sì máa wí pé kíndìnrín ti bàjẹ́ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ náà á máa dín kù bí kì í bá ṣe ìgò tó ní oògùn tó ń dá a dúró ni wọ́n fà á sí. Ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, bó bá ṣeé ṣe. Èsì tó bá jáde, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó fi í sínú fáìlì.

Bí wọ́n bá dá Màmá dúró sí wọ́ọ̀dù, ojú tuntun á pọ̀. Dókítà àgbà ẹ̀ka náà ni wọ́n ń pè ní kọ́nsọ́tántì. Ẹnu rẹ̀ ni ìpinnu ńlá ti ń wá. Síníọ̀ rẹ́jísírà àti rẹ́jísírà ló tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ láti di irú rẹ̀. Háósì ọ́físà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ló ń fa ẹ̀jẹ̀ tó sì ń kọ ìwé jù. Wọ́n máa ń yí ẹ̀ka padà bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìyẹn ni ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yín dunjú lánàá ṣe lè má sí níbẹ̀ lónìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ọjọ́ àti àkókò tí kọ́nsọ́tántì máa ń yípo wọ́ọ̀dù, kí ẹni tó ni ìwé ìkọ̀wé wà nítòsí lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè tí ẹ bá bi rẹ́jísírà ní aago 9 òru kì í sábà ní ìdáhùn. Èyí tí ẹ bá bi lójú kọ́nsọ́tántì, ó di ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Kí wọ́n tó tú yín sílẹ̀, ẹ má gbà kí nọ́ọ̀sì kàn ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ ṣe é lójú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a wo ẹni tó ń yí aláìsàn padà àti kí a yí i fúnra wa.

Yíyí padà náà nìyí. Ní gbogbo wákàtí 2, ní ọ̀sán àti lóru: ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ má fi ọwọ́ tó kú fà wọ́n dìde, torí eegun èjìká máa ń yẹ̀ lára ọwọ́ tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ fi aṣọ tẹ́ abẹ́ wọn láti èjìká dé itan, kí ènìyàn méjì di aṣọ náà mú láti gbé wọn. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì rárá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n rọ omi kún, tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ gìgísẹ̀, kì í gbà á là. Ẹ wo ìdí, ìgbáròkó àti gìgísẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ìwé ń sọ pé ibẹ̀ á pọ́n bí egbò bá ń bọ̀, ṣùgbọ́n awọ ara wa kì í fi pípọ́n hàn dáadáa. Ohun tí ẹ máa rí ni ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná tàbí tó le bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi òróró ra ibẹ̀. Ríra rẹ̀ ń fa ẹran abẹ́ rẹ̀ ya. Ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n fi ibẹ̀ dùbúlẹ̀ mọ́ títí á fi rọ̀.

Oúnjẹ. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ gbígbémì wò. Omi lásán ló ń ṣì wọ ọ̀fun jù, kì í ṣe ẹ̀kọ tó ki. Kí wọ́n jókòó gangan, kí àgbọ̀n tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ṣíbí kékeré, apá ẹnu tí rọpárọsẹ̀ kò mú ni kí ẹ fi sí, kí ẹ dúró títí wọ́n á fi gbé e mì. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 30 sí i, kí ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bóyá nǹkan fara pamọ́ síbẹ̀. Bí ohùn wọn bá ń dún bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, tàbí tí wọ́n ń húkọ́ lẹ́yìn òkèlè kọ̀ọ̀kan, ẹ dáwọ́ dúró.

Bí rọ́bà oúnjẹ bá wà nímú, ẹ fi máàkì sí ibi tó ti wọ imú, kí ẹ sì wò ó kí ẹ tó fi nǹkan sí i. Máàkì tó bá ti sún, ẹ má fi ohunkóhun sí i títí nọ́ọ̀sì á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ẹ fi omi 30 ml ṣan rọ́bà ṣáájú àti lẹ́yìn, kí oúnjẹ fúnra rẹ̀ máa ṣàn wọlé díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí wọ́n ṣe kó máa jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ara, bíi nifedipine retard, kò gbọdọ̀ di lílọ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìfúnpá á sì já lulẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apoògùn èyí tó ṣeé lọ̀. Àpò ìtọ̀ gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ ara nígbà gbogbo, kó má sì kan ilẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí ikùn wọn nígbà tí ẹ ń yí wọn, ìtọ̀ àná á ṣàn padà sínú ilé ìtọ̀, ibà á sì tẹ̀ lé e.

Bí ẹnu bá tún wọ́, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ mìíràn kú, tí ọ̀rọ̀ wọ́, ẹ wo aago. Ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bèèrè ni ìgbà tí ẹ rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn dá, torí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì inú ọpọlọ kì í sábà ṣeé fún ènìyàn mọ́ lẹ́yìn wákàtí 4 àbọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ ṣáájú. Ẹ má fún wọn lómi, ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sábẹ́ ahọ́n wọn, ẹ má dúró de ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí nílò kí a dúró lé e lórí. Ẹni tó ń sanwó lè wà ní Èkó tàbí Lọ́ndọ̀n, ẹni tó ń yí Màmá padà lóru sì wà ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Dókítà á wá máa gbọ́ ohùn méjì. Ẹ yan ẹnu kan fún ẹbí, kó jẹ́ ẹni tó wà nítòsí, kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì. Àwọn tó kù á gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹbí kò gbọdọ̀ gba ẹnu aláìsàn. “Ẹ má sọ fún Màámi, àyà wọn á já.” Ìfẹ́ ló ń mú wa sọ ọ́, a mọ̀. Àmọ́ bí orí Màmá bá pé, ara wọn ni, àwọn ló sì ni àṣẹ láti gbà tàbí láti kọ̀. Aláìsàn tí wọ́n ń tàn máa ń mọ̀. Á kàn dákẹ́ ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu oògùn tí kò mọ ohun tó wà fún dà sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè tààrà: “Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà ṣàlàyé fún yín, àbí kó bá wa sọ ọ́?” Ohun tí wọ́n bá wí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹni tó ń tọ́jú náà ní ara. Ẹ̀yìn tó ń yí aláìsàn lẹ́ẹ̀mejìlá lóòjọ́ á dun ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí sì sábà ń dì í lé lórí. Ẹ pín òru. Ẹni tó bá sùn tán ló ń gún ínsúlìn bó ti yẹ. Èyí tí kò tíì sùn ní ọjọ́ mẹ́ta ló ń gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí ojú ewé ìkẹyìn ìwé ìkọ̀wé yẹn fi jẹ́ ti ìpààrọ̀ ọwọ́. Ẹni tó ń lọ á kọ ọ́ kó tó mú bàtà rẹ̀, ẹni tó dé á kà á sókè lójú rẹ̀:

“Aago 8 alẹ́. Ṣúgà ṣáájú oúnjẹ 142. Mo ti gún ínsúlìn 6. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ kan àti ẹyin kan, wọn ò húkọ́. Mo yí wọn sí òsì ní aago 7:40, ìdí mọ́. Ìtọ̀ 600 ml, àwọ̀ rẹ̀ dára. Wọn ò tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ Àìkú, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Fisiotẹ́rápì aago 9 lọ́la, káàdì wà nínú dúrọ́ọ̀.”